Omi ò wọ́n ní ọ́fíìsì wa, ibi tí a ó tọ̀ ọ́ sí ló wọ́n

Orí Afárá Third Mainland ni mo ti búra pé mi ò ní mu omi mọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́. Ọjọ́ Ajé kan ni, òjò ti rọ̀ lọ́sàn-án. Ọbẹ̀ tí màmá olóúnjẹ bù fún wa lọ́jọ́ náà ta bí iná, mo sì ti fi píọ̀wọ́tà méjì pa á kí ọkọ̀ ọ́fíìsì tó gbé wa kúrò ní Marina láago márùn-ún kọjá. Nígbà tí a fi máa sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yà sí Adékúnlé, gbogbo ọkọ̀ dúró pa. Afárá yẹn gùn tó kìlómítà 11.8, kò sí igbó lórí rẹ̀, kò sí ilé epo, kò sí kọ̀rọ̀. Omi ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ lábẹ́ wa, omi tèmi náà ti kún dẹ́nu. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Mo ka ọkọ̀ tó wà níwájú wa, mo tún wọn kà. Ẹ̀gbọ́n tó jókòó tì mí ń sọ ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, mo ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni", ọlọ́run ló mọ ohun tí mo ń gbà pé bẹ́ẹ̀ ni sí.

Ó ju wákàtí kan lọ. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ tán tí a dé Bẹ́gà, bàbá dírẹ́bà tó ti ń wo ojú mi nínú jígí ọkọ̀ ló fúnra rẹ̀ yà sí ilé epo kan, láìjẹ́ pé mo la ẹnu. "Ẹ lọ, màdáámù. A máa dúró." Odidi ọkọ̀, ènìyàn méjìdínlógún tí ilé ń yá, wọ́n jókòó dè mí. Nígbà tí mo padà wọlé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Òru ọjọ́ yẹn ni mo ṣòfin: kò sí omi mọ́.

Mòwé ni ilé mi wà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé láago mẹ́rin àbọ̀ ni ènìyàn ń jí bí ó bá fẹ́ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó kí aago méje tó lù. Nítorí náà, láàárọ̀, mi ò mu omi nítorí ọkọ̀. Lọ́sàn-án, mi ò mu omi nítorí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì (mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn, torí òun gan-an ni mo fi jókòó kọ nǹkan yìí). Nírọ̀lẹ́, mi ò mu omi nítorí afárá. Bí mo bá délé láago mẹ́jọ alẹ́ ni màá tó gbé jọ́ọ̀gì sẹ́nu bí ẹni tó ti aginjù dé, màá mu ún títí màá fi mí hẹlẹ, màá sì jí tọ̀ lóru lẹ́ẹ̀mẹta. Bí mo ṣe ṣe é fún bí ọdún méjì nìyẹn. Orí ń fọ́ mi ní nǹkan bí aago mẹ́ta lójoojúmọ́, mo kà á sí iṣẹ́. Ìgbẹ́ ń le, mo kà á sí ọjọ́ orí. Ara ń pọ̀ sí i, mo kà á sí ìran wa, torí àwọn ìyá wa kì í ṣe ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́.

Àmọ́ ẹnu tí kò rí omi kì í dákẹ́. Ohun tí mo ń fi tù ú nínú ni mínírà. Ẹ ó bi mí pé ṣé mínírà kì í di ìtọ̀ ni? Ẹ má bi mí. Nínú ìṣirò tèmi nígbà náà, omi ni omi, mínírà sì jẹ́ oúnjẹ. Mo lè fi ìgò kan jókòó láti aago méjìlá títí di aago mẹ́ta, màá máa kán an sí ọ̀fun bí oògùn ojú. Ìwọ̀n omi tó wà nínú rẹ̀ kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ dín sí ti píọ̀wọ́tà kan. Orí ènìyàn máa ń purọ́ fún un lọ́nà tó yà á lẹ́nu.

Ohun tó tú àṣírí ni àyẹ̀wò ara tí wọ́n ṣe fún gbogbo wa níbi iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó kọjá. Mo gun òṣùwọ̀n, ó ní kílò 94. Mo bọ́ bàtà, mo yọ aago ọwọ́, mo tiẹ̀ ń ro ti wíìgì, mo tún un gùn. 93.6. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ náà ti ń gòkè díẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò ju àkọ́bí mi lọ, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi débi pé kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mà, báwo lẹ ṣe ń mu omi sí lóòjọ́?"

Mo ní, "Mo máa ń mu tíì láàárọ̀."

Ó ní, "Omi ni mo ní, mà."

Mo ní, "Ìgbà míì mo máa ń mu mọ́ọ̀tì."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí n lọ máa kọ gbogbo ohun olómi tó bá gba ọ̀fun mi kọjá sínú ìwé fún ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, kí n má ṣe yí nǹkan kan padà, kí n kàn máa kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn dáyárì mi. Tíì oníwàrà pẹ̀lú kóró ṣúgà mẹ́ta láàárọ̀. Mínírà ìgò 50cl lọ́sàn-án. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ìrọ̀lẹ́, mọ́ọ̀tì agolo kan pẹ̀lú gálà, torí kò sí bí wọ́n ṣe ń ta ìkan lójú ọ̀nà Èkó tí wọn kì í fi ìkejì tì í. Níbi tí mo kọ "omi" sí, láti aago márùn-ún ìdájí di aago mẹ́jọ alẹ́, fún ọjọ́ márààrún: òdo, òdo, òdo, ife kan (ọjọ́ tí mo lo oògùn orí fífọ́), òdo.

Iṣẹ́ àkáǹtì ni mò ń ṣe. Mi ò lè rí fígọ̀ kí n fi sílẹ̀. Mo yí ìgò mínírà náà po, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún tí mo ti ń mu ún. Ṣúgà inú rẹ̀ lé ní gíráàmù 10 nínú mílílítà 100. Ìgò 50cl, gíráàmù 50 ó lé nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ jẹ́ 22 lóṣù: gíráàmù 1,100 ó lé. Èmi tí mo ń bá àwọn ọmọ jà nílé pé wọ́n ń fi ṣúgà ṣòfò sínú gaàrí, èmi ni mo ń dá mu ju kílò ṣúgà kan lọ lóṣooṣù, lórí àga, nínú fẹ́ẹ̀nì, láì tíì ka tíì àti mọ́ọ̀tì. Láti 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá okun tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún wa. Fún ẹni tó ń jẹ kálórì 2,000 lóòjọ́, gíráàmù 50 náà nìyẹn. Ìgò mi kan ṣoṣo ti kó gbogbo rẹ̀ jẹ, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú. Ìjọba wa náà tiẹ̀ ti gbé owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu aládùn láti 2022. Lórí ìgò tèmi, náírà márùn-ún. Ṣé ìyẹn ni yóò dá ọ̀fun mi dúró?

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé garawa omi kalẹ̀ kó máa retí iṣẹ́ ìyanu: omi kì í yọ́ ọ̀rá. Kò sí ọ̀rá kan nínú ikùn mi tó gbọ́ ìró omi tó sì sá. Ohun tí omi ń ṣe kò ju méjì lọ. Ó ń gba ààyè nínú ikùn kí oúnjẹ tó dé, ó sì ń gba ipò lọ́wọ́ ohun mímu tó ní ṣúgà. Bí ẹ bá mu lítà mẹ́ta omi, tí ẹ tún mu mínírà lé e, ẹ kàn ti fi kún ìrìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni.

Ti pé ó ń gba ààyè yìí, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni nílé wa. Ní Ìtòkò, l'Ábẹ́òkúta, ni wọ́n ti tọ́ mi, lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Àmù ìyá wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi rẹ̀ tutù ju ti fíríìjì lọ, ó ní òórùn amọ̀ tí mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́. Àmọ́ bí àmàlà bá ti wà nílẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ tọ àmù náà lọ. "Ẹ má fi omi dí ikùn o! Ẹ jẹun ná!" Bí ọmọ kan bá yọ́ lọ mu ún, ìyá á mọ̀, torí òkèlè mẹ́ta ni yóò jẹ tí yóò fi sọ pé òun ti yó, àmàlà á kù sáwo. Ìyá ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ kò pọ̀ nígbà náà, àwa sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, ó fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọlé. Ó mọ̀ dájú pé ẹni tó bá kọ́kọ́ mumi kò ní lè jẹun tó.

Àwọn olùwádìí ní Virginia Tech, l'Amẹ́ríkà, lọ wọn ohun tí ìyá mọ̀ yìí. Wọ́n kó àgbàlagbà 48 jọ, ẹni ọdún 55 sí 75, wọ́n dín oúnjẹ gbogbo wọn kù fún ọ̀sẹ̀ 12, wọ́n wá ní kí apá kan nínú wọn máa mu mílílítà 500 omi kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti alẹ́. Lọ́dún 2010 tí èsì jáde, àwọn tó ń mumi ti fi bíi kílò méjì fọn ju àwọn tí kò mu lọ. Ní Birmingham, ní Ìlú Ọba, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn 84 tó sanra gan-an, wọ́n ní kí wọ́n mu ún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun. Èsì tiwọn jáde ní 2015: kílò 1.3 ni ìyàtọ̀. Mílílítà 500! Píọ̀wọ́tà kan géérégé. Wọn ì bá ti wá sí Ìtòkò, ìyá ì bá sọ ọ́ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tún wo iye náà dáadáa: kílò kan sí méjì, ní oṣù mẹ́ta. Kò tó èyí tí ènìyàn ó fi pe alásè. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti san owó tíì ìfọ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, tí kílò kankan kò kúrò lára mi àfi owó lọ́wọ́ mi, mo wo kílò kan tí mo lè fi píọ̀wọ́tà rà, mo ní ó yá.

WhatsApp ìdílé wa kọ́kọ́ fẹ́ dà mí lórí rú. Àǹtí mi kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé omi tútù ló ń dá ọ̀rá dì nínú ikùn bí ọ̀rá ọbẹ̀ ẹran, omi gbígbóná àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń yọ́ ọ. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin fi tirẹ̀ ránṣẹ́ ní ìdákejì: omi yìnyín ni kí a mu, torí ara á lo okun láti mú un gbóná. Àwọn méjèèjì kọ "fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá" sí ìsàlẹ̀. Mo mú bírò. Láti mú ìdajì lítà omi fíríìjì móoru di ìwọ̀n gbígbóná ara ènìyàn, ìyẹn digíríì 37, kálórì 16 péré ni yóò ná ara. Bí mo bá fẹ́ fi omi tútù sun kálórì inú àkàrà ẹyọ kan, mo máa yó omi kí àkàrà náà tó tán. Ti àǹtí náà kò sì dúró, torí omi kò tíì pẹ́ nínú ikùn tó fi ń gbóná bí ara fúnra rẹ̀. Ọ̀rá ọbẹ̀ inú àwo ń dì torí àwo tutù, ara ènìyàn kì í ṣe àwo. Ẹ mu èyí tí ọ̀fun yín bá fẹ́. Èmi fẹ́ràn èyí tó tutù. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà dára, ó ń jẹ́ kí omi dùn mu, iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀.

Ti ife omi mẹ́jọ lóòjọ́ tí gbogbo ayé ń kà bí àkọ́sórí náà rèé. Lọ́dún 1945, ìgbìmọ̀ kan lórí oúnjẹ ní Amẹ́ríkà sọ pé àgbàlagbà nílò bíi lítà méjì àbọ̀ lóòjọ́. Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e ni pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wà nínú oúnjẹ. Àwọn ènìyàn gbé gbólóhùn àkọ́kọ́, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù tún un wò ní 2010, wọ́n ní lítà méjì fún obìnrin, méjì àbọ̀ fún ọkùnrin, pẹ̀lú omi inú oúnjẹ ni wọ́n sì kà á. Ẹ̀bà tí ẹ tẹ̀ lálẹ́ àná, kí lẹ fi tẹ̀ ẹ́? Ẹ̀kọ tútù ńkọ́, ẹ̀fọ́, ọsàn, bàrà olómi tí wọ́n ń gé tà lójú títì? Lọ́dọ̀ tiwa, ooru Èkó máa ń gba díẹ̀ padà nípa òógùn, nítorí náà mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa fi owó pa mọ́ lórí omi. Èmi kì í ka ife mọ́ ṣá. Àwọ̀ ìtọ̀ ni mò ń wò. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń rí bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n sè lẹ́ẹ̀kejì. Nísinsìnyí ó ń rí bí omi tí wọ́n kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Bí ó bá ti ń yí padà sí ti àgbo, mo mọ ohun tí mo máa ṣe.

Ó ku ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló sọ pé kí n gbé ìgò sórí tábìlì, kí n fi aago sínú fóònù kó máa rán mi létí, kí n ra ìgò tó ní ìlà wákàtí lára. Mo ra ìgò náà. Ó dára gan-an, ó ní àwọ̀ elésè àlùkò, ó dúró lórí tábìlì mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, omi inú rẹ̀ kò sì dín. Ta ló gbàgbé omi? Kò sẹ́ni tó gbàgbé. Òùngbẹ ń rán mi létí ju fóònù lọ. Àwa obìnrin mọ́kànlá tó wà lórí òkè kejì, gbogbo wa ló ń rántí omi, gbogbo wa la sì ń sá fún un, nítorí a mọ ibi tí omi ń gbé ènìyàn lọ.

Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì obìnrin kan ṣoṣo ni. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú dírọ́ọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan ní ìkángun gbọ̀ngàn kejì, wọ́n sì so ó mọ́ pátákó kan tó tóbi bí ọmọrí odó kékeré kí ẹnikẹ́ni má bàa gbé e lọ sílé. Bí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ ó dìde, ẹ ó gba iwájú gbogbo àwọn ọkùnrin kọjá, ẹ ó tọrọ, ẹ ó gbé pátákó náà padà gba iwájú wọn, gbogbo ilé ti mọ ibi tí ẹ ń lọ. Lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ó ṣe é gbà. Ta ló máa lọ lẹ́ẹ̀mẹrin? Bí ẹ bá sì ṣí i, omi kì í yọ nínú ẹ̀rọ torí pọ́ńpù. Dúrọ́ọ̀mù kan ló wà níbẹ̀, tí abọ́ bíbu rẹ̀ ti là. Àwọn ọkùnrin kò ní ìṣòro yìí. Wọ́n ní ẹ̀yìn ilé jẹnẹrétọ̀, Ọlọ́run má ṣe kà á sí wọn lọ́rùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì tí kì í mumi, ẹ má kọ́kọ́ fún un ní ìgò. Ẹ bi í bí ilé ìtọ̀ wọn ṣe rí.

A ò kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kankan, torí a ti kọ ọ́ rí. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí a jẹun tán, mo sọ ọ́ jáde láàárín àwa obìnrin. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, ńṣe ni ọ̀rọ̀ ń tú jáde lẹ́nu olúkúlùkù bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọmọdébìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ wa ní òun kì í mu nǹkan kan láti ilé títí òun fi ń padà sílé, pé àrùn ọ̀nà ìtọ̀ ti ṣe òun lẹ́ẹ̀mejì, dókítà sì sọ pé ìtọ̀ tí òun ń dì mọ́ra wà lára rẹ̀. Ìyá wa àgbà, tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, ní ọgbọ́n tí òun ti ń ta láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, òun rò pé bó ṣe ń rí fún gbogbo obìnrin ni. A dá 2,000 náírà kọ̀ọ̀kan. A ra dúrọ́ọ̀mù tuntun onídèérí, abọ́ olọ́wọ́, ọṣẹ, tíṣù, oògùn tí wọ́n ń dà sí ìdí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni yẹn láago mọ́kànlá, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ lẹ́bàá títì, ó gé mẹ́ta fún wa, mo dá tirẹ̀ padà pẹ̀lú pátákó rẹ̀. A bá mẹ́ruwà kan ṣàdéhùn pé kó máa pọnmi wá lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Gbogbo rẹ̀ kò gba ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé mi ò tún fi ipá mu omi kankan lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò fi aago sínú fóònù. Mo kàn wo ẹsẹ̀ tábìlì mi ní ọjọ́ Ọjọ́rú, mo rí ọ̀rá píọ̀wọ́tà mẹ́rin tó ti ṣófo.

Báyìí ni mo ṣe tò ó nítorí afárá. Bí mo bá dé láago méje kù díẹ̀, màá mu ọ̀kan díẹ̀díẹ̀ títí di aago mẹ́jọ àbọ̀. Ọ̀kan tún ní aago mẹ́wàá. Ní aago méjìlá àbọ̀, ọ̀kan, torí aago kan ni màmá olóúnjẹ máa ń dé. Èyí ni mi ò jẹ́ yẹ̀, òun ni mo fi ń dín ìrẹsì kù láìbá ara mi jà. Ìdajì títí di ọ̀kan ní aago méjì sí mẹ́ta. Ó ti tán nìyẹn. Láti aago mẹ́ta àbọ̀, mi ò mu ju kí n fi rin ọ̀fun lọ, ní aago márùn-ún kù ìṣẹ́jú mẹ́wàá màá sì lọ tọ̀, ó ń ṣe mí o, kò ṣe mí o. Ife kan pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́. Láti ìgbà náà, bàbá dírẹ́bà kò tíì ní ìdí láti yà.

Mínírà kò rọrùn láti fi sílẹ̀, mi ò ní parọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, láago méjìlá geere, ahọ́n mi máa ń wá a bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Sóbò ló gbà mí. Ìsápá pupa, atalẹ̀ tí mo tẹ̀ fọ́, èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí mo sè pọ̀ mọ́ ọn, kò sí ṣúgà. Ó kan díẹ̀, ó ń ta ahọ́n díẹ̀, inú fúláàsì ni mo ń gbé e wá. Àwọn tó tọ́ ọ wò nínú ọ́fíìsì ní kò dùn. Mo ní kí wọ́n fi fúláàsì mi sílẹ̀ nígbà náà.

Ibì kan wà tí mo ti ṣàṣejù, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Nígbà tí ara ti ń fúyẹ́, mo di oníwàásù omi. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka wa, ọkùnrin, tí kì í mu ju ife kékeré lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé píọ̀wọ́tà lé orí fáìlì rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mumi o." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, ọkàn mi kò dára. Dókítà ló ní iye omi tí mo gbọ́dọ̀ mu, wọ́n tún fún mi lóògùn tó ń fa omi jáde lára." Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu, ẹnu dókítà rẹ̀ ni kó wò, kì í ṣe ẹnu tèmi. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá náà kò gbọdọ̀ máa da lítà mẹ́ta, mẹ́rin, sí ọ̀fun láàárín wákàtí kan nítorí pé ó ń kánjú àtifọn. Kíndìnrín ní iye tó lè sẹ́ jáde ní wákàtí kan, èyí tó bá ṣẹ́kù á bomi la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, ènìyàn sì ti kú síbẹ̀ rí.

Láàárín oṣù mẹ́fà, 93.6 di 87.4. Mi ò lè dúró níwájú ẹnikẹ́ni kí n ní omi nìkan ni. Ẹ̀bà alẹ́ ti di ìdajì, gálà ti lọ pẹ̀lú mọ́ọ̀tì tó ń bá rìn, mínírà di ti ọjọ́ òde àríyá. Ìlọ àti ìbọ̀ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì gan-an jẹ́ ìrìn fún ìdí tó ti lẹ̀ mọ́ àga. Orí fífọ́ aago mẹ́ta kò dágbére, mo kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé pákẹ́ẹ̀tì oògùn inú dírọ́ọ̀ mi ti kọjá ọjọ́ ìlò. Oṣù Kejìlá dé, ìgbéyàwó mẹ́ta, ìsìnkú kan, kílò méjì padà wálé pẹ̀lú ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ àti ẹran díndín. Mo ti lé ọ̀kan lọ. Ìkejì ṣì jókòó.

Nọ́ọ̀sì yẹn tún rí mi ní ọdún yìí. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Mà, kí lẹ lò?" Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́." Ó rò pé mo ń ṣeré.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mẹ́ruwà kò wá. Dúrọ́ọ̀mù ti gbẹ kanlẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù, mo sì wo píọ̀wọ́tà tó wà lọ́wọ́ mi, mo rọra gbé e padà sísàlẹ̀ tábìlì. Ọmọdébìnrin yẹn náà gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Mo pe nọ́ńbà mẹ́ruwà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ìkarùn-ún, ó gbé e, ó ní ọmọlanke òun ló ya táyà ní Ìdúmọ̀tà, pé kí a fún òun ní wákàtí méjì sí i.